Ta Ló Máa Gbé Èrè Lọ Sílé? Bí Òwò Tó Ń Ṣe Ìlú Láǹfààní Ṣe Ń Yan Ìwé Tó Máa Gbà

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ ǹlẹ́ mà. Àwa mẹ́ta la jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan lọ́dún méjì sẹ́yìn, à ń kọ́ àwọn tó ti ẹ̀wọ̀n dé níṣẹ́ káfíńtà, a sì ń ta àga àti tábìlì tí wọ́n bá kàn fáwọn ilé ẹ̀kọ́. Ọjà ń tà. Àkáǹtì ọ̀kan nínú wa ni gbogbo owó ń gbà wọlé torí a ò tíì rẹ́jísítà nǹkan kan. Ní báyìí ọ̀rẹ́ wa kan fẹ́ kówó sí i, àmọ́ ó lóun máa gba ìpín. Àjọ kan tún fẹ́ fún wa lówó ìrànwọ́, àmọ́ wọ́n láwọn kì í fún ẹni tó bá ń pín èrè. Àwọn ọmọ iṣẹ́ náà ti ń sọ pé káwọn náà lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kọ́ńpìnì la máa ṣe ni, àbí ẹ̀njíò, àbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kéèyàn fún ẹni tó ti ẹ̀wọ̀n dé ní ayùn àti òòlù, kó sì tún bá a wá ẹni tó máa ra ohun tó bá kàn, iṣẹ́ ńlá ni, inú mi dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n kí n tó dáhùn èyí tẹ́ ẹ bi mí, èyí tẹ́ ò bi mí ló kọ́kọ́ já mi láyà, ìyẹn àkáǹtì tó wà lórúkọ ẹnì kan yẹn.

Ẹ ní ẹ ò tíì rẹ́jísítà nǹkan kan, àmọ́ òfin ò ní torí ìyẹn fi yín sílẹ̀ láìlórúkọ. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, táwọn èèyàn bá ti jọ ń ṣòwò tówó sì ń wọlé láìsí ìwé kankan, ojú alájọṣe ni òfin máa fi wò wọ́n, tàbí kó ní òwò ẹni tó ni àkáǹtì ni. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tí àga kan bá já lábẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan tó sì dá lápá, ilé ẹni tó ni àkáǹtì yẹn, mọ́tò ẹ̀, owó tó tọ́jú fún ọmọ ẹ̀, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n lè gbà. Tó bá sì ṣẹlẹ̀ pé òun ló kú ńkọ́?

Mo ti fojú ara mi rí i. Ẹgbẹ́ kan tó ń kọ́ àwọn opó níṣẹ́ aránṣọ ní ẹ̀rọ ìránṣọ 12, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin tó dá a sílẹ̀ kú lójijì. Oṣù méjì lẹ́yìn náà àwọn ọmọ ẹ̀ dé pẹ̀lú lóyà, wọ́n ní kí wọ́n mú rìsíìtì wá, orúkọ bàbá wọn ló wà lórí gbogbo rìsíìtì, orúkọ bàbá wọn ló wà lórí ìwé ilé tí wọ́n háyà. Ọ̀sán gangan ni wọ́n kó ẹ̀rọ yẹn sínú ọkọ̀. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń rán ṣòkòtò lọ́wọ́, ṣe ló ní láti rọra fa aṣọ yẹn yọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ kúrò níwájú ẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò jalè o. Ogún bàbá wọn ni wọ́n kó, òfin wà lẹ́yìn wọn, ọ̀dà funfun ò sì já mọ́ nǹkan kan lójú òfin.

Àtìgbà yẹn ni mo ti máa ń ní kí ẹni tó bá wá bá mi gbé orúkọ ìwé, ìyẹn irú ilé iṣẹ́ tó fẹ́ rẹ́jísítà, tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kó kọ́kọ́ sọ fún mi: tí èrè bá dé, ta ló máa gbé e lọ sílé? Tí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn, ta ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa borí? Tí iṣẹ́ yìí bá túká lọ́la, ta ló máa kó ayùn àti ẹ̀rọ? Ẹni tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí láìfi igbá kan bọ̀kan nínú, ìwé tó yẹ ẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ yan ara ẹ̀. Orúkọ tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń pè é yàtọ̀, àmọ́ ìdílé mẹ́ta sí mẹ́rin náà ló wà ní ọ̀pọ̀ ibi.

Ẹ jẹ́ ká fi ti ọ̀rẹ́ yín tó fẹ́ ìpín bẹ̀rẹ̀ torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Kọ́ńpìnì tó ní ìpín (shares) wà lára ìwé tó rọrùn láti gbà ní ọ̀pọ̀ ibi, báńkì mọ̀ ọ́n, olówó mọ̀ ọ́n, ẹ sì lè kọ ète rere yín sínú ìwé òfin ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ra ìpín, èrè ló rà, ẹnu ọ̀rọ̀ ló sì rà mọ́ ọn. Ẹjọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tí gbogbo lóyà òwò mọ̀, ọdún 1919 ni, kóòtù tó ga jù ní ìpínlẹ̀ Michigan ló dá a. Henry Ford tó ń ṣe mọ́tò ní owó rẹpẹtẹ nínú kọ́ńpìnì ẹ̀, ó wá ní òun ò ní pín àfikún èrè mọ́, òun fẹ́ gba èèyàn sí i síṣẹ́, òun fẹ́ kí mọ́tò túbọ̀ dín lówó kí mẹ̀kúnnù lè rà á. Àwọn ọmọ ìyá méjì tí wọ́n ń jẹ́ Dodge, tí wọ́n ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ìpín, gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù sì ní torí èrè àwọn onípìn-ín ni wọ́n ṣe dá irú kọ́ńpìnì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ó pàṣẹ kó san owó tó lé ní mílíọ̀nù 19 dọ́là. Ford yẹn gan-an ló ni èyí tó pọ̀ jù nínú kọ́ńpìnì o! Àwọn lóyà ṣì ń jiyàn lórí bí agbára ẹjọ́ yẹn ṣe tó lónìí, àmọ́ ohun tó kọ́ wa ò yí padà, pé ọkàn rere ẹni tó ń darí ò tó, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Mi ò sọ pé ọ̀rẹ́ yín máa gbé yín lọ kóòtù. Ó lè jẹ́ èèyàn dáadáa. Ṣùgbọ́n ìpín ṣeé tà, ó ṣeé jogún, ẹ ò sì mọ ọwọ́ ẹni tó máa bọ́ sí lọ́dún mẹ́wàá òní.

Ní Amẹ́ríkà náà ni wọ́n ti wá ṣe irú kọ́ńpìnì kan tí wọ́n ń pè ní benefit corporation, ìpínlẹ̀ Maryland ló kọ́kọ́ ṣòfin ẹ̀ lọ́dún 2010, Delaware tẹ̀lé e lọ́dún 2013 pẹ̀lú tiẹ̀. Ìpín wà níbẹ̀, èrè sì ṣeé pín bó bá ṣe wù wọ́n, àmọ́ òfin ní káwọn adarí máa ro ti àwọn òṣìṣẹ́ àti àdúgbò mọ́ ti onípìn-ín. Ó dáa fún ẹni tó fẹ́ wá owó ńlá lọ́dọ̀ àwọn oníṣòwò láìfẹ́ kí wọ́n fi èrè dè é lọ́rùn. Ẹ má kàn fi wé B Corp o, mo máa ń gbọ́ táwọn èèyàn ń pe méjèèjì pọ̀. B Corp kì í ṣe ìwé òfin rárá, àmì ẹ̀yẹ ni, àjọ aládàáni kan tó ń jẹ́ B Lab tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2006 ló ń fúnni lẹ́yìn tó bá ti yẹ iṣẹ́ yín wò. Ẹ lè gbà á kẹ́ ẹ sì dá a padà, bí Etsy, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta iṣẹ́ ọwọ́, ṣe jẹ́ kó lọ lọ́dún 2017.

Ó yá, ẹ̀gbẹ́ kejì, ti àwọn tí kì í pín èrè, èyí tẹ́ ẹ pè ní ẹ̀njíò. Ọ̀pọ̀ ló rò pé tẹ́ ẹ bá ti wọ ibẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ jèrè mọ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbowó oṣù, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lẹ máa ṣe títí láé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irú àjọ yìí lè tajà, ó lè jèrè, ó lè gba èèyàn síṣẹ́ kó san owó tó jọjú fún un. Èyí tí kò lè ṣe ni pé kó bu èrè fáwọn tó dá a sílẹ̀ tàbí fáwọn ọmọ ẹgbẹ́, gbogbo èrè á padà sẹ́nu iṣẹ́ ni. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ìlú tó ń lo òfin Gẹ̀ẹ́sì ni ilé iṣẹ́ tí kò ní ìpín rárá, táwọn ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ onídùúró nìkan, olúkúlùkù á fọwọ́ sí i pé tó bá túká pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn, iye kékeré báyìí lòun máa san, kò ju ìyẹn lọ. Jámánì gba ọ̀nà míì, kọ́ńpìnì gidi ni wọ́n ń lò níbẹ̀ tó ní ìpín, tí ẹni tó ń gbowó orí á wá fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ àǹfààní ìlú ló ń ṣe, wọ́n ń pè é ní gGmbH.

Ibi tí bàtà ti máa ń ta àwọn olùdásílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tó ń darí àjọ. Tẹ́ ẹ bá gba orúkọ àjọ aláàánú tí ìjọba fọwọ́ sí tí wọ́n sì dín owó orí yín kù, níbi tó pọ̀ àwọn tó jókòó sórí ìgbìmọ̀ kì í gbowó, àfi tí òfin tàbí ìwé àjọ bá yọ̀ǹda. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ yìí lẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ń jẹun, kẹ́ ẹ yáa mọ̀ pé ẹ lè di òṣìṣẹ́ lábẹ́ ìgbìmọ̀ táwọn ẹlòmíì wà lórí ẹ̀, àwọn yẹn sì láṣẹ láti dá yín dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹnì kan ti sunkún níwájú mi lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì bá a wí, torí òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ gbé iṣẹ́ yẹn dìde látorí ilẹ̀. Ẹ jọ sọ ọ́ láàárín ara yín kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, kí ó má di pé ẹnì kan á ní wọ́n já a gbà lọ́wọ́ òun.

Ti owó orí, mo máa sáré sọ ọ́. Ìdáríjì owó orí máa ń bo ọjà tó bá jẹ́ ara iṣẹ́ àánú yẹn fúnra ẹ̀, àga tí ọmọ iṣẹ́ yín kàn nígbà tẹ́ ẹ ń kọ́ ọ níṣẹ́ ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó wà lábẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá ń ra àga lọ́dọ̀ ẹlòmíì tẹ́ ẹ sì ń tún un tà torí owó, ìyẹn ti di òwò lásán, wọ́n máa ń fi ààlà sí i. Ẹ bi aṣírò owó tó mọ̀ nípa àjọ aláàánú, kó má jẹ́ ẹni tó ń ṣírò fún ṣọ́ọ̀bù nìkan.

Láàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àwọn orílẹ̀-èdè kan ti ṣe ìwé tó wà ní ààbọ̀ ọ̀nà, èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀ ni ti Britain, Community Interest Company, òfin ẹ̀ jáde lọ́dún 2004, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún èèyàn lọ́dún 2005. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ẹ̀ ni àgádágodo tí wọ́n fi sórí dúkìá. Ilé, ẹ̀rọ, owó tó bá ti wọlé, kò sẹ́ni tó lè kó o lọ sílé ara ẹ̀, kódà tó bá túká, ó gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àjọ míì tí irú àgádágodo bẹ́ẹ̀ wà lọ́rùn ẹ̀. Síbẹ̀ ẹ lè yàn án ní èyí tó ní ìpín, kẹ́ ẹ sì san èrè fún ẹni tó kówó sílẹ̀, àmọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá pín ò gbọ́dọ̀ ju 35 pásẹ́ńtì èrè tó ṣeé pín. Àwọn tó wà lórí ìgbìmọ̀ ẹ̀ lè gbowó. Lọ́dọọdún wọ́n á kọ ìròyìn fún aláṣẹ tó ń mójú tó wọn, ohun tí wọ́n ṣe fún ìlú, iye tí wọ́n san fáwọn adarí, iye tí wọ́n pín, ẹni tó bá sì fẹ́ ló lè kà á. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò lè jẹ́ àjọ aláàánú pa pọ̀ mọ́ ọn, nítorí náà kò sí ìdáríjì owó orí ti aláàánú níbẹ̀, àwọn afúnnilówó kan sì máa ń lọ́ra tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ó ní ìpín. Tí ìlú yín ò bá ní irú ìwé yìí, ẹ má banú jẹ́, mo máa sọ bẹ́ ẹ ṣe lè fọwọ́ ara yín kan àgádágodo náà.

Ẹ ní àwọn ọmọ iṣẹ́ ń béèrè pé káwọn lẹ́nu ọ̀rọ̀. Mo ka ìlà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí wọ́n ti ń sọ ìgbà tó máa jí àti ìgbà tó máa sùn fún lẹ́wọ̀n láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, tó wá dìde nínú ìpàdé tó ní òun náà ní nǹkan láti sọ, ìyẹn gan-an jẹ́ ara iṣẹ́ tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ ṣe. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni ìwé tó kọ́ ilé ẹ̀ sórí ìyẹn. Nígbà táwọn èèyàn 28 ṣí ṣọ́ọ̀bù alájẹṣẹ́kù wọn ní Rochdale, ìlú kan ní England, lọ́dún 1844, ohun tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé ẹnì kan, ìbò kan, iye yòówù kéèyàn ní níbẹ̀. Ítálì wá gbé e síwájú. Òfin wọn tó jẹ́ nọ́ńbà 381 ti ọdún 1991 dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àǹfààní ìlú sílẹ̀ ní oríṣi méjì, ọ̀kan fún ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́, èkejì fún gbígba àwọn tí iṣẹ́ ṣòro fún láti rí. Nínú oríṣi kejì yìí, ó kéré tán 30 pásẹ́ńtì àwọn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èèyàn bẹ́ẹ̀, òfin yẹn sì dárúkọ àwọn tí kóòtù dá lẹ́jọ́ tí wọ́n ń lo ìjìyà wọn níta ẹ̀wọ̀n mọ́ wọn. Wọ́n tún dín owó tí wọ́n ń san sápò ìjọba lórí àwọn òṣìṣẹ́ yẹn kù. Tó bá jẹ́ Ítálì lẹ wà, mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n mo ní iyèméjì kan nípa tiyín. Alájẹṣẹ́kù ń fẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó máa dúró, àwọn tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ ń wá wọ́n sì ń lọ, ẹni tó bá lo oṣù mẹ́jọ tó sì ríṣẹ́ síbòmíì, ìdùnnú yín nìyẹn. Tí gbogbo ìbò bá wà lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá lọ, ta ló máa ro ti ọdún márùn-ún sí i?

Àwọn kan á ní ẹ gba méjì pọ̀: àjọ tí kì í pín èrè lókè, kọ́ńpìnì tó ń tajà nísàlẹ̀, tí àjọ yẹn ló ni kọ́ńpìnì yẹn pátá. Ẹni tó ń fi Firefox wo íńtánẹ́ẹ̀tì ti bá irú ẹ̀ pàdé, Mozilla Foundation ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ lọ́dún 2003, nígbà tówó wá ń wọlé gan-an wọ́n dá Mozilla Corporation sílẹ̀ lọ́dún 2005, ó ń san owó orí tiẹ̀, foundation ló sì ni ín. Ó dára, ó sì mọ́gbọ́n wá, àmọ́ ẹ wo bó ṣe rí lójoojúmọ́: ìwé owó méjì, àkáǹtì méjì, aṣírò owó méjì, àdéhùn tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì pé ta ló ń háyà ẹ̀rọ lọ́wọ́ ta, iye tó ń san. Ẹ̀yin mẹ́ta péré, tó jẹ́ pé ẹ̀yin kan náà lẹ tún ń gé pákó? Á fi iṣẹ́ ìwé pa yín. Ẹ fi í sílẹ̀ dìgbà tí ọjà bá ju ọwọ́ yín lọ.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà ní ipò yín, ilé iṣẹ́ tí kò ní ìpín tí kì í pín èrè ni màá gbà báyìí. Ìdí mi ni pé owó ìrànwọ́ wà nílẹ̀ tó ń béèrè fún un, ẹ̀yin fúnra yín ò sì sọ níbì kankan nínú lẹ́tà yín pé ẹ fẹ́ dolówó nídìí ẹ̀. Ohun kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ o: látinú kọ́ńpìnì onípìn-ín, ọ̀nà ṣì máa ń wà láti wọ ibi tí wọn kì í pín èrè, àmọ́ látibẹ̀ padà sẹ́yìn, níbi tó pọ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ṣeé ṣe. Ilẹ̀kùn tó ń tì lẹ́yìn èèyàn ni. Tí ẹnì kan nínú yín bá ń dá rò ó lọ́kàn pé lọ́jọ́ kan òun máa ta ìpín tòun, àsìkò tó máa sọ ọ́ nìyí.

Ọ̀rẹ́ yín ńkọ́? Ẹ gba owó ẹ̀ bí ẹ̀yáwó, ẹ má gbà á bí ìpín. Ẹ lè kọ ọ́ pé ìdá kan pàtó nínú ohun tẹ́ ẹ bá tà lóṣooṣù lẹ máa fi san án títí tó máa fi gba owó ẹ̀ pẹ̀lú èlé tó mọ níwọ̀n, tí ọjà bá pọ̀ ó yá, tí ọjà bá dín ó pẹ́. Èlé yẹn gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n lóòótọ́ o, torí tó bá ti pọ̀ jù, wọ́n á ní ṣe lẹ fi orúkọ gbèsè pín èrè. Tó bá ní dandan ìpín lòun fẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ó dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀ torí mo mọ bówó ṣe le tó.

Fáwọn ọmọ iṣẹ́, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé òfin yín pé nínú ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje, àwọn méjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ti gba ibi iṣẹ́ yìí kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ni kó sì máa dìbò yàn wọ́n. Ẹ ò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ sí àṣà tàbí ìlérí. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wádìí o, àwọn ibì kan ní òfin tí kì í jẹ́ kí ẹni tó lẹ́jọ́ kan lọ́rùn jókòó sórí ìgbìmọ̀ fún iye ọdún kan, ó sì máa burú jáì tẹ́ ẹ bá ṣèlérí ohun tí òfin ò ní gbà.

Wàyí o, àgádágodo tí mo ní ẹ lè fọwọ́ ara yín kàn. Ẹ má ṣe lo fọ́ọ̀mù tí lóyà kàn yọ látinú dúrọ́ọ̀ láìkà á. Ẹ wá ibi tó ti sọ̀rọ̀ ìtúká, kẹ́ ẹ rí i pé irú ọ̀rọ̀ yìí wà níbẹ̀: "Tí ilé iṣẹ́ yìí bá túká, lẹ́yìn tí a bá san gbogbo gbèsè, ohunkóhun tó bá ṣẹ́ kù kò ní jẹ́ ti ọmọ ẹgbẹ́ kankan, àjọ míì tí ète rẹ̀ jọ tiwa tí kì í pín èrè ni a máa kó o fún." Kẹ́ ẹ tún fi ìlà kan sí i pé láti yí ìlà yẹn padà, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ó má jẹ́ pé àwọn tó pọ̀ jù á kàn jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n pa á rẹ́. Àjọ tó fẹ́ fún yín lówó, ìlà yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí wò, mo mọ̀ wọ́n.

Kẹ́ ẹ tó lọ sọ́dọ̀ lóyà, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ẹ jókòó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí kálukú mú bébà tiẹ̀, kó dá kọ ìdáhùn sí ìbéèrè mẹ́ta tí mo bi lókè yẹn láìwo ti ẹnì kejì, kẹ́ ẹ wá kà á sókè. Tí ìdáhùn yín ò bá jọra, ẹ má tíì san owó lóyà. Níbi tẹ́ ẹ bá sì ti ń dúró de ìwé, ẹ ṣí àkáǹtì tuntun lọ́sẹ̀ yìí tó máa gba ìfọwọ́sí ẹni méjì kówó tó jáde, kẹ́ ẹ ka gbogbo ẹ̀rọ àti ayùn tó wà nílẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí rìsíìtì wà lórúkọ ẹ̀ fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí pé iṣẹ́ yìí lòun ń bá tọ́jú wọn. Ìwé yẹn ò lágbára tó ìwé ìjọba, àmọ́ ó ju ọ̀dà funfun lọ. Tí wọ́n bá ti fún yín ní fọ́ọ̀mù ìwé òfin, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín ka ibi ìtúká yẹn.